Sípíkà Kẹrin Inú Ọkọ̀ Kápú

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Bó bá jẹ́ àlọ́ ni, ǹ bá ti mọ bó ṣe parí. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kì í mutí, kò sì ní ọgbọ́n àtipurọ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà níbi tí wọ́n so ó mọ́, sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó bá rò pé mò ń tanni lè gba ibẹ̀ lọ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìkẹrin. Èmi ò ní sìn ín débẹ̀.

Kápú ni gbogbo èbúté ń pe ọkùnrin tó ni ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ọkọ̀ onípákó yẹn kó èrò sọdá omi, débi pé àwọn tó gbé lọ sílé ìwé ní kékeré ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀. Nígbà náà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Á máa kọrin, á máa bú àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù, á ní kí ọkùnrin tó bá sanra lọ jókòó sí àárín kí omi má baà bínú. Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ní ìhà òsì, á ní, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni obìnrin yẹn fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí inú ń bí i, "ẹ" ni. Bó ń bú u, "ẹ" náà ni. "Ẹ ò ní làákàyè," bẹ́ẹ̀ ni á ṣe wí i, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pé.

Nígbà tó yá, rọpárọsẹ̀ dá obìnrin náà dúbúlẹ̀. Ó gba apá kan ara rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Imú nìkan ló kù fún un. Ó lè fi í kùn. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé nínú èdè tiwa yìí, ẹni tó bá ṣì lè gbé ohùn lọ sókè kó sì gbé e wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì tán nínú rẹ̀ pátápátá. Obìnrin náà á kun ohùn ọ̀rọ̀ láìsí ọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ á wá ọ̀rọ̀ sí i. Bó bá kùn lẹ́ẹ̀mejì lórí ohùn àárín, Kápú á fọwọ́ họ orí. Ṣé omi ni? Àbí ẹran? Àbí ọmọ? Á bu omi sínú ife, á mú ẹran dání lọ́wọ́ kejì, á fi èjìká há fóònù mọ́ etí, á máa pe ọmọ wọn. Obìnrin náà á wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, apá ẹnu rẹ̀ tó ṣì dára á rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń ráyè gbé ohun mẹ́ta wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èrò ti ń dúró ní èbúté. Kápú ti dé fìlà, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé kí n sáré gbé wọn sọdá?" Ìyàwó rẹ̀ kùn. Ohùn àárín, ohùn òkè, ohùn àárín. Kápú gbọ́ "Ẹ máa lọ." Ó lọ. Kó tó padà dé, obìnrin náà ti tutù lórí ibùsùn. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Wọ́n ti sin ín tán kó tó sọ sí ọkùnrin náà lọ́kàn pé "Ẹ má lọ" kò ní ohùn mìíràn. Ẹ fi imú kùn ún wò níbi tí ẹ jókòó sí. "Ẹ máa lọ." "Ẹ má lọ." Èémí bíńtín ló wà láàárín kí obìnrin ní kí ọkọ òun máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àti kó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun nìkan sílẹ̀ láti kú. Láti ọjọ́ náà, Kápú ò kọrin mọ́. Èrò á wọlé, èrò á bọ́ sílẹ̀, ìró ẹ́ńjìnì nìkan lèèyàn ń gbọ́.

Ọmọ tí wọ́n bí, obìnrin ni, ó sì ń gbé ní ìlú tó jìnnà. Sípíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi í sínú mọ́tò, sínú gbọ̀ngàn, sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn tó rí já jẹ. Màdáàmù Sípíkà ni àwọn oníbàárà ń pè é, etí rẹ̀ sì mú débi pé bó bá ń kọjá lọ lójú títì, á sọ fún onílé pé ojú sípíkà rédíò rẹ̀ ti ya. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá bi í léèrè lórí fóònù pé kí ni ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà, á dáhùn kíákíá. "Wọ́n ní kí ẹ máa lọ ni, Bàbá. Kí ni wọn ì bá tún sọ?" Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà o. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n èwo lèèyàn ì bá sọ?

Ìgbà tó wá kí i ló rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti fóònù. Bàbá náà ti gbẹ. Bó bá ń ti inú ọkọ̀ gun èbúté, á dúró lágbedeméjì, á máa fi ọwọ́ ra àyà bí ẹni ń wá nǹkan lápò. Ọmọ náà pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa mú un lọ sọ́dọ̀ ara òun kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Àmọ́ ó mọ̀ pé èèyàn kì í fa igi gbígbẹ lọ́wọ́, ó máa kán. Ó ní kí òun kọ́kọ́ bomi rin ín.

"Bàbá, mo fẹ́ fi sípíkà sínú ọkọ̀ yìí."

"Fún kí ni?"

"Fún orin tí ẹ máa ń kọ."

"Mi ò kọrin mọ́."

"Òun ni mo ṣe gbé ẹni tó máa bá yín kọ ọ́ wá."

Bàbá náà wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ìyá ẹ ni ẹ́ lóòótọ́." Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó gbà.

Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Màdáàmù ká ṣòkòtò sókè, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga, ó lu ihò sí pákó. Ó fi rọ́bà yí etí sípíkà kọ̀ọ̀kan ká kí omi má ríbi wọlé. Ó kó wáyà sínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wá bátìrì ọ̀tọ̀ fún orin, kó má baà fa ti ẹ́ńjìnì gbẹ. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe ní èbúté dúró tì wọ́n, ó ń fún un nímọ̀ràn tí kò bi í. Fọkànbalẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, torí pé "Ẹ fọkàn balẹ̀" ló máa ń sọ bó bá tún ẹ́ńjìnì ṣe tán, ẹ́ńjìnì náà á sì kú láàárín omi.

"Màdáàmù, iná wáyà yìí ò ní gbé wa báyìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọmọ náà dá a lóhùn. Kápú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà ìsìnkú.

Sípíkà méjì wà níwájú, ọ̀kan wà lẹ́yìn lápá ọ̀tún. Ìkẹrin wà lẹ́yìn lápá òsì, lára àga tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni wáyà ti tán. Màdáàmù de sípíkà náà mọ́ pákó, ó sì fi téèpù pupa wé ẹnu wáyà kúkúrú méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tọ̀, ìkejì lọ́tọ̀. Ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́, òun á ra wáyà sí i, òun á so ó.

Kápú ò lè dúró dilẹ̀ mọ́. "Mẹ́ta tó," ló wí. "Jẹ́ ká gbé e jáde kí oòrùn tó wọ̀."

Bí wọ́n ṣe jáde nìyẹn, bàbá àti ọmọ. Ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́, omi ti pupa. Nígbà tí wọ́n jìnnà sí èbúté, Kápú rẹ ẹ́ńjìnì sílẹ̀, Màdáàmù sì tẹ fóònù rẹ̀. Orin bú jáde. Orin àtijọ́ ni, èyí tí Kápú fi ń yọ àwọn èrò lẹ́nu nígbà tó wà ní géńdé. Lórí omi, kò sí ògiri tó máa dá ohùn padà. Orin náà kàn ń tẹ́ lọ ni. Àwọn ẹyẹ gbéra. Ọlọ́kọ̀ kan tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán juwọ́ sí wọn, ó sì gbé èjìká jó. Kápú mú fìlà kúrò lórí. Ó kọ́kọ́ ń mi orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu pákó, lẹ́yìn náà ó ya ẹnu, ó gbe orin. Ohùn rẹ̀ há, kò sì bá orin mu dáadáa. Ọmọ rẹ̀ yíjú sí omi kó má baà rí omijé òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún.

Orin kan parí. Òmíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nínú àlàfo yẹn, wọ́n gbọ́ ọ.

Ohùn àárín. Ohùn òkè. Ohùn àárín.

Kò pariwo. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, lápá òsì. Ohùn imú ni.

Màdáàmù yára pa orin. Wáyà ló kọ́kọ́ rò, bí ẹnikẹ́ni tó mọṣẹ́ ṣe máa rò. Wáyà lè fara kan wáyà, kó máa kùn. Ó lọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó tú sípíkà kẹrin, ó fà á síwájú. Téèpù pupa wà níbi tó fi í sí. Ẹnu wáyà méjèèjì so rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kò kan ara wọn, kò kan nǹkan kan. Ó ṣì gbé sípíkà náà dání nígbà tó tún kùn.

Àárín. Òkè. Àárín.

Ó rí ojú sípíkà náà tó ń lọ tó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, bí àyà ẹni tó sùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Bàbá," ló wí.

Kápú ti pa ẹ́ńjìnì. Kò sí ìró kankan mọ́, kódà omi ò gbá ara ọkọ̀. Àwọn ẹyẹ tó gbéra lẹ́ẹ̀kan ti padà wá, wọ́n léfòó yí ọkọ̀ ká, gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá náà rìn bọ̀ wá sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ ọwọ́. Ó jókòó sórí àga, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò jókòó sójú ibẹ̀ gan-an.

"Ìwọ nìyẹn?" ló bi í.

Ó gbé etí sún mọ́ sípíkà náà.

"Lọ́jọ́ yẹn. Kí lo ní kí n ṣe?"

Àárín, òkè, àárín.

Ẹ̀rù ò ba Màdáàmù. Ohun tó sọ fún Fọkànbalẹ̀ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Ó ní ńṣe ni gbogbo ara òun fúyẹ́, ó ṣe òun bíi pé kí òun wólẹ̀. Ṣùgbọ́n etí iṣẹ́ ò lọ. Ó mọ̀ pé "máa" gùn ju "má" lọ. Bó bá fetí sí i dáadáa, òun á mọ̀, bàbá òun á sì sinmi. Ó sún mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ tún un sọ. Bó bá jẹ́ 'máa' ni, ẹ fà á."

Ó tún un sọ. Màdáàmù di ojú méjèèjì, ó wọn ohùn náà bó ṣe ń wọn gbogbo ohùn ayé. Ó gùn ju "má" lọ. Kò gùn tó "máa".

"Kí lo gbọ́?" ni Kápú bi í.

Irọ́ tó ti ń pa lórí fóònù wà lẹ́nu rẹ̀. Kò lè pa á níwájú ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Kápú mi orí. Ó fọwọ́ kan sípíkà náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó kúkú wá," ló wí. "Ẹni tó bá ń bínú kì í wá."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù ra wáyà, bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó so ó. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìkẹrin. Nírọ̀lẹ́, ó pe Fọkànbalẹ̀ kó wá bá àwọn gbádùn orin, torí ó fẹ́ mọ̀ bóyá orí òun àti ti ọmọ òun ló dà rú. Wọ́n lọ. Orin dùn, Fọkànbalẹ̀ jó títí ọkọ̀ fi ń mì. Nígbà tí orin dá, ohùn náà wá. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀yìn sípíkà, ó wo téèpù pupa. Ó bọ́ fìlà.

"Ìyàwó yín nìyẹn," ló wí.

"Kí ló ń sọ?"

"Ẹ́ńjìnì ni mo mọ̀, Kápú." Ó di etí ọkọ̀ mú títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fọkàn balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́-nírọ̀lẹ́. Orin á kọ́kọ́ dùn. Orin á dá. Kápú á béèrè ọ̀rọ̀ kan náà, á gba èsì kan náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ara rẹ̀ ń yá gágá. Ó ń fá irùngbọ̀n, ó ń jẹun tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọlọ́kọ̀. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò láyà. Bí ọmọ rẹ̀ bá sì dá ọ̀rọ̀ àtilọ sílẹ̀, á gbójú sí ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Àwọn ọmọ ń béèrè yín."

"Ta ló máa jókòó tì í?"

"Ṣé àyà ò dùn yín?"

"Àgbà ni. Àgbà kì í ṣàìsàn?"

Àárọ̀ ọjọ́ tí Màdáàmù máa lọ pé. Mọ́tò tó máa gbé e ti dúró lókè èbúté. Ilé iṣẹ́ ń retí rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀. Fọkànbalẹ̀ ti bá a gbé àpò irinṣẹ́ lọ, ó ń fi okùn dè é mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Màdáàmù sọ̀kalẹ̀ sínú ọkọ̀ láti dágbére. Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn lápá òsì, fìlà rẹ̀ wà lórí itan. Ojú rẹ̀ funfun díẹ̀ láàárọ̀ náà.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń padà bọ̀," ni Màdáàmù wí. "Nígbà náà, mi ò ní gbọ́ àwáwí."

"Mo ti gbọ́. Kí awakọ̀ má sáré o."

Ó kúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó sì súre fún un. Ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé pákó èbúté. Orin kankan ò dún láàárọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ọ̀rọ̀.

Sípíkà kẹrin kùn.

Ohùn òkè. Ohùn àárín.

Ó dúró. Kápú gbé orí sókè.

Kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ohùn kan ti yọ kúrò níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ àlàfo náà.

"Kò sí 'ẹ' níbẹ̀," ni Kápú wí.

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀." Ohùn bàbá náà ti wálẹ̀ gan-an. "Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, kò dá 'ẹ' sí lẹ́nu fún mi rí, kódà lọ́jọ́ tí mo dà á sómi. Ìwọ ni. Ìwọ ló ń bá wí."

Ó tún un sọ. Òkè, àárín. Ó gùn díẹ̀. Kò gùn tó.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni ọmọ náà bi bàbá rẹ̀. Òun tí etí rẹ̀ mú, òun ló ń béèrè.

Kápú wo sípíkà náà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

"Ó ní kí o máa lọ," ló dáhùn kíákíá. "Kí ni ì bá tún sọ?"

Màdáàmù mọ ohùn yẹn. Ohùn ara rẹ̀ ni, èyí tó máa ń lò lórí fóònù.

Awakọ̀ fọn fèrè lókè. Omi dákẹ́. Àwọn ẹyẹ ti tún dé, wọ́n yí ọkọ̀ ká. Fọkànbalẹ̀, ẹni tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ní òun gbọ́ ọ, òun sì rí i láti ibi tí òun wà: ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí pákó, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sún kúrò lára èbúté, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tú okùn. Ó ní òun yíjú padà níbẹ̀ yẹn. Kò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi, èmi náà ò sì tíì nígboyà láti bi í.

Torí náà, ẹ má bi mí léèrè ẹsẹ̀ tó gbé.